Bí o bá ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí Ìlú Ọba

Àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ gbé ọmọ oṣù márùn-ún lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kó o kọ́kọ́ mú, kì í ṣe gàrí. Àpò ọwọ́ ni kó o fi sí; báàgì ńlá ni mo kó tèmi sí, ó sì pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn mi kó tó dé. Tó o bá débẹ̀, forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni. Káàdì yẹn ni wọ́n máa fi mọ abẹ́rẹ́ tó kù.

Òtútù ńkọ́? Àwa ará Èkìtì rò pé a mọ̀ ọ́n nítorí ọyẹ́ orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Irọ́ ni! Síbẹ̀, má wé ọmọ bí ọ̀lẹ̀. Kí yàrá má ju 16 sí 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, nínú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí.

Mú ọ̀já méjì. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ò bá kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ́.

Aago wọn ò ju wákàtí kan lọ sí tiwa, torí náà máa pe Mọ́mì lálẹ́ kí wọ́n kọrin fọ́mọ.