Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Ọ̀dọ́ Tí Ó Ń Kọ́ Èdè Àwọn Adití ní Èkó

Ẹni tí a bí ní adití sábà máa ń bá èdè ọwọ́ pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó ti tó ọmọ ogún ọdún, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi ní Ṣómólú, kì í mọ ibi tí yóò gbà. Èmi fúnra mi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn máa fi ẹnu wíwò tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà ní adití wo ni lẹ́nu sùn-ùn, òótọ́ sì ni pé ètè ń sọ nǹkan díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, ohùn ni ó ń gbé ìtumọ̀, ohùn kì í sì í hàn létè. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ẹnu yín kò ní yí padà rárá. Bàbá àti màmá pàápàá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tí ń wo ètè. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń mi orí, tí mo ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, mà” sí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́, títí di ọjọ́ tí ìyá aláṣọ kan ní Balógun gé ọ̀pá márùn-ún fún mi, nígbà tí ó jẹ́ pé iye owó nìkan ni mo wá béèrè. Ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni tí ó gbọ́ kò lè wá àwọn adití lọ, nítorí kò tí ì gbà pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má ṣe dúró kí etí kú tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá sì fún yín ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ lò ó. Kò bá èdè ọwọ́ jà.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí, tí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ni kíkọ́ èdè náà láti inú fídíò nìkan, láìbéèrè ilẹ̀ tí ẹni tí ń kọ́ni ti wá. Èdè ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo káàkiri ayé. Àwọn adití ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe lẹ́tà, àwọn ti Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ kan. Ní Kánò, àwọn adití Hausa ní èdè tiwọn tí wọ́n ń pè ní Maganar Hannu. Ti Èkó súnmọ́ ti Amẹ́ríkà nítorí Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, tí ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Nítorí náà, bí ẹ bá máa wo fídíò, ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ wò. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí èdè náà ti wà lọ́wọ́ àwọn adití Nàìjíríà, wọ́n sì ti dá àmì tiwọn fún oúnjẹ wa, ìlú wa àti ìṣe wa. Ẹni tí ó kọ́ ti fídíò nìkan yóò dé àárín wọn bí ẹni tí ó ń fi èdè Bíbélì ná ata ní ọjà Oyíńgbò.

Àwọn mìíràn kọ́ lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì rò pé ó ti tán. Wọn a máa fi ìka to gbogbo ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rẹ ẹni tí ń wò wọ́n. Orúkọ ènìyàn àti ohun tí a kò mọ àmì rẹ̀ ni lẹ́tà wà fún. Ojú sì tún wà níbẹ̀: bí ìdáhùn ìbéèrè bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, à ń gbé irun òkè ojú sókè; bí ó bá jẹ́ ta ni, kí ni tàbí níbo, à ń hun iwájú orí jọ. Ohun tí ohùn ń ṣe fún ọkọ àti ọkọ̀ nínú èdè wa ni ojú ń ṣe fún ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ le koko bí igi kò tí ì sọ̀rọ̀ tán.

Ojú yìí gan-an ni ó ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ kì í ranjú mọ́ àgbà, pé a kì í na ìka sí ènìyàn, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe nǹkan fún àgbà. Láàrin àwọn adití, ẹni tí ó gbé ojú kúrò dà bí ẹni tí ó fi ìka di etí nígbà tí à ń bá a sọ̀rọ̀. Ìka tí a nà kò ju “ìwọ” tàbí “òun” lọ. Ọlọ́wọ́ òsì sì ń fi òsì sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ń bínú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ìjọ àwọn adití kan ní Èbúté Mẹ́ta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá tí ó jẹ́ àgbà wọn. Bí mo ti dojú bolẹ̀, bàbá ti kí mi, ó ti béèrè orúkọ mi, ó ti béèrè àdúgbò mi. Ilẹ̀ ni èmi ń wò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tètè gbé ojú sókè.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnì kan, ẹ má pariwo, ẹ má sì ju nǹkan lù ú. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, tàbí kí ẹ ju ọwọ́ sí i. Bí ẹ bá máa kọjá láàrin ẹni méjì tí ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹ yára kọjá, ẹ má dúró tọrọ àforíjì, nítorí ìdúró yẹn gan-an ni ó ń gé ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà nítòsí, nítorí bí wọ́n bá mú iná lọ ní alẹ́, gbogbo wa di odi. (Eré ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe o. Ẹ má pe adití ní odi. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú rẹ̀ ń bí sí i.)

Ní ti ibi tí a ti ń rí wọn, ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ adití Wesley ní Sùúrùlérè nítorí pé òun ni orúkọ tí ará Èkó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni. Àwọn àgbàlagbà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn adití Nàìjíríà, ẹ̀ka ti Èkó, wọ́n sì wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ìsìn adití. LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí òfin 2011 dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, tún jẹ́ ibi tí a lè béèrè. Ẹ má mú ẹ̀gbọ́n tí ó gbọ́ràn dání láti máa sọ̀rọ̀ fún yín, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sì ṣe lọ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án nìkan, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún èdè ọwọ́, kí ẹ ya fọ́tò kí ẹ sì máa lọ. Nígbà tí ìsìn bá parí, ẹ má tíì wọ ọkọ̀: ìta ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn fún wákàtí kan gbáko, ni mo ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀.

Èyí tí ó kù ni orúkọ. Ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń dá orúkọ ọwọ́, ìyẹn àmì tí a ó máa fi pè é, fún ara rẹ̀, ó sì máa ń yan èyí tí ó wu ojú. Ọmọ kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ; àwọn adití ni ó ń fún ni, nígbà tí wọ́n bá ti mọ ìwà ẹni. Oṣù keje tí mo ti ń bá wọn rìn ni mo tó gba tèmi: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi, tí a fi ń kan iwájú orí, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ yẹn.