Bí A Ṣe Ń De Sẹ́ńsọ̀ Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tí Kò Fi Ní Parọ́ fún Wa

Ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, bí àwa tí a ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ láàárọ̀ Sátidé, ìgbà tí a bá padà dé ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Lágbájá á ní òun sá eré 36 kìlómítà ní wákàtí kan, tàmẹ̀dù á ní irọ́ ni. Fóònù kálukú ló ń jẹ́rìí fún un, bẹ́ẹ̀ sátẹ́láìtì ni fóònù fi ń díwọ̀n. Bí igi bá ṣíji bo ojú ọ̀nà, tàbí tí a bá ń rọra lọ, ó lè máa fò síwá sẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí a ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́ láti ka bó ṣe ń yí, ló lè parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá dè é dáadáa.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ eré ń ka iye ìgbà tí táyà yí. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní kédéǹsì, ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì ká ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ti mọ́ lára sábà máa ń yí i tó ìgbà 80 sí 90. Àwọn kan nínú sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Àwọn mìíràn, ẹ ní láti ra méjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara páálí. ANT+ àti Bluetooth ni èdè tí wọ́n ń sọ, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi iye ránṣẹ́ láìlo wáyà. iPhone kò gbọ́ ANT+, fóònù Android tó sì gbọ́ ọ kò pọ̀. Bí fóònù lẹ fẹ́ lò, ẹ rí i pé wọ́n kọ Bluetooth sí i, kí fóònù yín sì ní Bluetooth 4.0 ó kéré tán. Mo ti ra èyí tó jẹ́ ANT+ nìkan rí nítorí pé ó wọ́n díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo rò pé owó ni ọgbọ́n. Oṣù mẹ́ta ló fi sùn nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ wo áàpù tí ẹ fẹ́ fi ka ìrìn yín lórí fóònù pẹ̀lú: ní 2019, Strava, áàpù kan tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń lò, yọ àǹfààní àtiso irú sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́ áàpù orí fóònù kúrò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sanwó kí wọ́n tó mọ̀.

Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń lo òòfà, apá òsì kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ dè é sí, torí ọ̀tún ni ṣéènì wà. Ẹ fi ìdè oníke so sẹ́ńsọ̀ mọ́ irin férémù tó ti ìdí pẹ́dàlì lọ bá táyà ẹ̀yìn, ẹ má tíì fà á le. Ẹ de òòfà kan mọ́ sípóòkù, ìkejì mọ́ irin tó gbé pẹ́dàlì. Àlàfo tó wà láàárín òòfà àti sẹ́ńsọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀: mìlímítà 3 sí 5. Èmi máa ń to káàdì ATM mẹ́rin tàbí márùn-ún léra láti fi wọ̀n ọ́n. Òòfà gbọ́dọ̀ máa kọjá níwájú àmì tó wà lára sẹ́ńsọ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó ni kẹ́ ẹ tó fa ìdè le.

Èyí tí kò lo òòfà kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ti eré, ẹ fi rọ́bà rẹ̀ dè é mọ́ hóòbù, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Ti kédéǹsì, ẹ dè é sí ẹ̀gbẹ́ inú irin pẹ́dàlì òsì. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ fi ọwọ́ rọra yí pẹ́dàlì ká, kó má lọ máa ha férémù.

Ó kan síso mọ́ fóònù. Ẹ yí táyà àti pẹ́dàlì kí sẹ́ńsọ̀ lè jí. Inú áàpù ni kẹ́ ẹ ti wá a, ẹ má so ó láti sẹ́tíǹsì Bluetooth fóònù. Lórí Android, ẹ tan location bí kò bá yọjú. Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí fóònù ẹlòmíràn má lọ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Ibi tí irọ́ ti ń wọlé nìyí o: ìwọ̀n táyà. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ bí ọ̀nà ṣe jìn, ìgbà tí táyà yí ló mọ̀. Áàpù ló ń fi ìwọ̀n tí ẹ fún un ṣe ìṣirò. Táyà 700×25 (nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà nìyẹn) máa ń lọ tó mìlímítà 2105 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, 26×1.95 sì jẹ́ nǹkan bí 2050. Bí kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ yín bá jẹ́ 26, tí áàpù sì ń fi 2105 ṣírò, ìrìn 40 kìlómítà yóò di 41 lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fẹ́ táyà dáadáa, ẹ gbé ẹnu fáàfù kan ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ jókòó lé kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan dì í mú fún yín, ẹ yí i síwájú títí fáàfù yóò fi padà kan ilẹ̀. Ẹ wọn àárín àmì méjèèjì. Tẹ́ẹ̀pù télọ̀ kò ní tó, 150 sẹ̀ǹtímítà péré ni. Ẹ yá ti káfíńtà.

Láti dán kédéǹsì wò, ẹ ka iye ìgbà tí orúnkún ọ̀tún gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá ka 20, ojú fóònù gbọ́dọ̀ sún mọ́ 80.

Bátìrì tí sẹ́ńsọ̀ sábà máa ń lò ni CR2032, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún àwọn tó ń fọ mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n má da omi alágbára kọ ọ́. Bí eré bá sì ṣàdédé di òdo lẹ́yìn tí ẹ bọ́ sí kòtò, tó tún padà, kì í ṣe bátìrì: òòfà ló yí lára sípóòkù. Ẹ mú káàdì ATM jáde, kẹ́ ẹ tún àlàfo yẹn wọ̀n.