Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá àwọn tí olùwádìí bi léèrè lè ṣojú fún gbogbo ìlú

Ká ní ìròyìn kan jáde pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ìbàdàn ni ó ń fi gáàsì dáná, tí wọ́n sì fi kún un pé ènìyàn 2,000 ni àwọn bi léèrè. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò wo 2,000 yẹn tí yóò sì gba ìròyìn náà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, iye ènìyàn ni ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kẹ́yìn. Ohun tí ó ṣáájú ni ọ̀nà tí àwọn 2,000 náà gbà dé inú ìwádìí, nítorí pé níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá wọ́n lè gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwọn tí ìròyìn náà ní lọ́kàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ni ó wà ní Ìbàdàn. Márùn-ún wà ní ìgboro, nígbà tí mẹ́fà yòókù, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, nasẹ̀ dé àwọn abúlé tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé. Bí ó bá jẹ́ pé Bódìjà àti Òkè-Àdó nìkan ni olùwádìí dé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá ti sọ ọ́ gbangba pé àdúgbò méjì ni òun ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ṣa orúkọ tàbí ilé. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ gbogbo ará Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ sì ṣe kẹ́yìn, ọdún 2006 ni. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò kò ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nínú. Bí ó bá jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n ti bèèrè, ẹni tí kò ní fóònù tó gbé e tàbí tí kò rówó ra détà kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ igi tàbí èédú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń dáná. Àkọsílẹ̀ mítà iná náà ní àléébù tirẹ̀: ilé fésì-mí-àì-fésì-yú tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé lè máa lo mítà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kà á sí ilé kan.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yan ènìyàn ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ìdánwò tí mo máa ń lò rọrùn: ṣé abẹ̀ẹ̀rè náà lè fi ojú ara rẹ̀ yan ẹni tí ó wù ú? Ẹni tí ó bá dúró sí Dùgbẹ̀ ní ọ̀sán yóò dá ẹni tí ojú rẹ̀ tutù tí kò sì kánjú dúró, yóò sì jẹ́ kí aláàárù kọjá lọ. Kódà bí ó bá ń lọ láti ilé dé ilé, aago mọ́kànlá àárọ̀ kọ́ ni ó máa bá ìyá tí ń tajà ní Ọjà Ọba nílé. Àwọn arúgbó àti àwọn tí kò níṣẹ́ ni yóò kún inú ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára máa ń ṣẹ́ gègé lórí àdúgbò, lẹ́yìn náà lórí ilé, lẹ́yìn náà lórí àwọn àgbàlagbà inú ilé náà, abẹ̀ẹ̀rè a sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́ bí kò bá bá ẹni tí gègé mú. Àṣẹ pé “kí ẹ wọ gbogbo ilé kẹwàá” lè ṣiṣẹ́ ní ojú títì Bódìjà, ṣùgbọ́n ní Bẹẹrẹ, níbi tí agbo ilé ti wọnú ara wọn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kọ gbogbo ìdílé sílẹ̀. Ìròyìn tí ó kàn sọ pé “a yan wọn láìṣègbè” kò tíì sọ ohunkóhun.

Ẹ tún bèèrè iye àwọn tí kò dáhùn. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú orúkọ wọn wá láti inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́kọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tí wọ́n dáhùn, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Landon ni yóò wọlé nínú ìdìbò sí ipò ààrẹ. Roosevelt ni ó wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni ó sì mú. George Gallup, olùwádìí èrò aráàlú, tí àwọn tí ó bi léèrè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Roosevelt ni yóò wọlé.

Bí ìwádìí bá ti yege níbi gbogbo wọ̀nyí, a lè wá wo iye. Bí gègé bá mú ènìyàn 100, àbájáde lè fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín sí òtítọ́. 400 á sọ ọ́ di bí 5, 1,000 á sì sọ ọ́ di bí 3. Títóbi ìlú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí èyí padà: 1,000 tí ó tó fún Ìbàdàn tó fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí 40 péré nínú wọn bá wá láti Lágelú, ohun tí wọ́n bá sọ nípa Lágelú nìkan lè yẹ̀ tó ìdá 15. Bí wọ́n bá sì kó 400 jọ láti inú agbo ilé mẹ́wàá, agbára wọn kò tó ti 400, nítorí pé àwọn tí ń gbé papọ̀ sábà máa ń dáná bákan náà.

Bí ìròyìn kò bá ṣàlàyé àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe é, kí ẹ béèrè àkọsílẹ̀ tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe yan ènìyàn, àti iye àwọn tí wọ́n kàn sí tí kò dáhùn. Bí wọn kò bá fèsì, tí ẹ sì ṣì fẹ́ lo nọ́ńbà wọn, ẹ kọ ọ́ pé ohun tí àwọn tí ó dáhùn sọ nìyẹn, kí ẹ má sì dárúkọ ìlú mọ́ ọn.