Bí A Ṣe Ń Kan Àpótí Lẹ́tà Onípákó Tó Ní Kọ́kọ́rọ́

Pákó tó nípọn ní mìlímítà 18 ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù máa ń là tí síkúrúù bá wọ etí rẹ̀. Ẹ gé e kí inú àpótí ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, kó fẹ̀ ní 30, kó sì jìn ní 15. Òrùlé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ síwájú, kó sì yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí òjò má baà wọ ihò lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò tín-ín-rín kí síkúrúù tó wọlé, kẹ́ ẹ sì fi gọ́ọ̀mù pákó sí gbogbo ibi tí pákó méjì ti pàdé.

Ihò lẹ́tà, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24, tó sì ga ní 3, wà lókè iwájú. Ibẹ̀ gan-an lolè ń ki ọwọ́ bọ̀. Nítorí náà, ẹ kan pákó kan sínú, lábẹ́ ihò náà, kó dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kó ṣẹ́ àyè sẹ̀ǹtímítà 5 péré kù fún lẹ́tà láti já bọ́.

Ilẹ̀kùn wà nísàlẹ̀ ihò yìí. Ẹ fi àyè mìlímítà 2 sílẹ̀ yí i ká, torí pákó máa ń wú lásìkò òjò, ilẹ̀kùn á sì há. Ẹ wọn ọrùn kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ibi tó ń gba inú ilẹ̀kùn kọjá, kẹ́ ẹ tó lu ihò rẹ̀. Ihò tó bá tóbi jù á jẹ́ kó máa mì. Ahọ́n kọ́kọ́rọ́, ìyẹn irin tó ń yí láti ti ilẹ̀kùn, gbọ́dọ̀ kọ́ igi tó wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dáadáa.

Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jò jáde. Ẹ kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta níbi tí ayùn ti gé pákó, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Láti inú àpótí ni kẹ́ ẹ ti de síkúrúù mọ́ ògiri.