Bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀, tí a sì ń gbé e kiri lórí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan máòsì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Ctrl+C (tí a fi ń kọ́pì) àti Ctrl+V (tí a fi ń lẹ ohun tí a kọ́pì) bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́pì ìlà méjì péré. Wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á nawọ́ sí máòsì, wọ́n á fà á lórí ọ̀rọ̀ náà, á yọ̀ kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tún un fà. Kíkọ́pì kọ́ ló ń jẹ àkókò, yíyan ohun tí a fẹ́ kọ́pì ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dípò kí ẹ máa há ọgọ́rùn-ún bọ́tìnnì sórí.

Ti Windows ni mò ń sọ o. Bó bá jẹ́ Mac lẹ ń lò, Command ló sábà máa ń dípò Ctrl, àmọ́ Option lẹ máa fi fo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì +, ẹ di bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mú, ẹ má fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ ìkejì.

Ìrìn ló ṣáájú

Ẹ ṣí ohun kan tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ nínú Word. Ẹ tẹ ọfà ọ̀tún: igi tín-ín-rín tó ń ṣẹ́jú yẹn á sún síwájú ní lẹ́tà kan. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tún un tẹ: á fo odindi ọ̀rọ̀. Home á gbé yín lọ síbẹ̀rẹ̀ ìlà, End á gbé yín lọ sópin rẹ̀. Bí ẹ bá fi Ctrl kún méjèèjì, orí ìwé tàbí ìdí rẹ̀ lẹ máa bá ara yín.

Wàyí o, ẹ fi Shift kún un. Gbogbo ìrìn tí ẹ rìn yẹn, bí ẹ bá ti di Shift mú, á máa kun ọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé á máa yàn wọ́n, bó ṣe ń kọjá lórí wọn. Shift+End á kun ìyókù ìlà. Ctrl+Shift+ọfà á máa kùn ún lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Bó bá kun kọjá ibi tó yẹ, ẹ má tú Shift sílẹ̀, ẹ tẹ ọfà òdìkejì, á padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ kọ “Ìpàdé máa wáyé ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ajé”, kí ẹ má tíì fi àmì ìdánudúró sí i. Ẹ fẹ́ kí ọjọ́ náà ṣáájú. Láti ẹ̀yìn “Ajé” tí ẹ dúró sí, ẹ tẹ Ctrl+Shift+ọfà òsì lẹ́ẹ̀mejì, “lọ́jọ́ Ajé” á kùn. Ẹ fi Ctrl+X gé e, ẹ tẹ Home, ẹ fi Ctrl+V lẹ̀ ẹ́. Ó ku lẹ́tà àkọ́kọ́ tó yẹ kó tóbi: ẹ tẹ Home, ẹ fi Ctrl+Shift+ọfà ọ̀tún kun ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ máa tẹ Shift+F3 títí á fi rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí “Ìpàdé” náà, kí lẹ́tà ńlá rẹ̀ di kékeré. Shift+F3 yìí kan náà ló gbà mí lọ́jọ́ tí mo gbójú sókè tí mo rí i pé mo ti fi Caps Lock kọ odindi ìpínrọ̀ méjì.

Bí nǹkan bá dàrú, Ctrl+Z. Pàápàá bí ẹ bá ti fi Ctrl+A kun gbogbo ìwé, tí ìka yín wá ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan, tí ojú ìwé ṣófo.

Ctrl+C a máa gbàgbé

Bí ẹ bá kọ́pì ohun kejì, àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Windows+V (bọ́tìnnì tó ní àmì Windows, pẹ̀lú V) ni oògùn rẹ̀, Windows 10 sì ti ní in láti 2018. Nígbà àkọ́kọ́ á ní kí ẹ tan án. Lẹ́yìn náà, á máa tọ́jú nǹkan 25 tí ẹ kọ́pì kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ́pì ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ rántí pé òun náà lè wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ mú látorí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé àwọ̀ àti ìtóbi rẹ̀ bọ̀, Ctrl+Shift+V á lẹ ọ̀rọ̀ lásán nínú Chrome àti Word tuntun. Nínú Word àtijọ́, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe.

Fún àwa tí à ń kọ Yorùbá

Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl+', ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wá tẹ a, ẹ ó rí “á”. Ctrl+` (òkè Tab ló sábà máa ń wà) ló ń mú “à” wá. Fún ọ, ẹ kọ kóòdù rẹ̀, 1ECD, kí ẹ tẹ Alt+X. Ti ẹ ni 1EB9, ti ṣ ni 1E63. Bí ẹ bá fẹ́ ohùn òkè lórí ẹ tàbí ọ, ẹ kọ 0301 tẹ̀ lé e, kí ẹ tún tẹ Alt+X. 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Word máa ń ka lẹ́tà a títí dé f mọ́ kóòdù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ “bẹ”, tí ẹ tẹ b1EB9, ó máa kó b náà mọ́ ọn, nǹkan mìíràn ló sì máa ṣe. Ẹ fi Shift+ọfà kun mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan, kí ẹ tó tẹ Alt+X.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ctrl+F ń wá ọ̀rọ̀, Ctrl+H ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, Ctrl+Enter ń bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun nínú Word. Nínú Chrome, Ctrl+Shift+T á dá táàbù tí ẹ ṣèèṣì pa padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde lórí àga, Windows+L á tilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yí ẹ̀yìn padà.