Máàsì tó wà lórí ilẹ̀ káńtì kì í ṣe ti fóònù yín: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Minnesota

Ẹ̀gbọ́n kan tó kó wá sí Brooklyn Park láti Houston, níbi tó ti kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní máàsì gàgàrà kan wà lẹ́yìn ilé àwọn, síbẹ̀ fóònù àwọn kì í gbé nínú yàrá. Ta ni kí àwọn fẹjọ́ sùn? Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, bí a bá ti rí máàsì, tí kì í bá ṣe ti MTN, ti Glo ni. Níbí, èyí tó wà lórí ilẹ̀ káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tibí, lè má mọ̀ pé fóònù yín wà láyé. Rédíò ọlọ́pàá, panápaná àti áńbúláǹsì ló ń gbé.

ARMER ni wọ́n ń pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ó sì ká gbogbo Minnesota. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣe títì, MnDOT, ló kọ́ òpómúléró rẹ̀, òpó tó lé ní 300. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ti páàkì mọ́tò. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀, ọkọ̀ kan á kún àkúnya, òmíràn á wà lófìfo. Àgbèrò ló ń tún un ṣe: ọkọ̀ tó bá ṣófo ló ń ti èrò sí. Kọ̀ǹpútà ARMER ni àgbèrò yẹn. Bí ọlọ́pàá bá tẹ rédíò, á fún un ní ojú ọ̀nà tó ṣófo lójú ẹsẹ̀, á sì gbà á padà tó bá sọ̀rọ̀ tán.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2007, afárá I-35W wó sínú odò Mississippi ní Minneapolis, èèyàn 13 sì kú. Fóònù há nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí kálukú ń wá èèyàn rẹ̀. Orí rédíò yìí ni àwọn tó lọ dóòlà ẹ̀mí ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kí wá ni káńtì ń fi òpó tirẹ̀ ṣe nígbà tí ìpínlẹ̀ ti kọ́ tirẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ohun tí ìpínlẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tó ń kọ́ òpó tirẹ̀ ni pé kí rédíò inú mọ́tò ṣiṣẹ́ ní ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ káńtì kọ̀ọ̀kan. Inú mọ́tò ni wọ́n wí o. Rédíò inú mọ́tò lágbára, eríàlì rẹ̀ sì wà lórí òrùlé ọkọ̀. Ti panápaná tó gbé rédíò kékeré sí ìbàdí, tó wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé onísìmẹ́ǹtì, kò sí nínú òṣùwọ̀n yẹn. Káńtì tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ náà dún ketekete á ri òpó tirẹ̀ mọ́ ti ìpínlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni bátìrì, jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe yóò sì wà. Ìyẹn ló fà á tí rédíò fi ń dún dáadáa nínú ilé ní káńtì kan ju èkejì lọ. Mi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Owó yín wà níbẹ̀. Ẹ wo bíìlì fóònù yín, ẹ óò rí owó 911, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń pè fún pàjáwìrì; kò tó dọ́là kan lóṣù. Ara rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ fi ń gbọ́ ti ARMER. Owó orí ilé ni káńtì ń gbà ní tiẹ̀, ẹni tó sì ń háyà ilé ń san án láìmọ̀ nínú owó ilé. Lóṣù kọkànlá, onílé máa ń gba lẹ́tà nípa owó orí ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ ìpàdé ìta gbangba sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, kí òṣìṣẹ́ lè wá. Àwọn kọmíṣọ́nnà káńtì ló ń jókòó níbẹ̀. Ẹ má fi wọ́n wé kọmíṣọ́nnà tilé o: gómìnà kọ́ ló yàn wọ́n, ìbò ló gbé wọn wọlé. Ẹ lè bi wọ́n léèrè òpó.

Àbẹ̀wò sí òpó kò sí. Nílé, ẹni tó ń dín àkàrà lè ta á lẹ́bàá máàsì. Níbí, bí ẹ bá wọnú ọgbà wáyà yẹn, ẹjọ́ ni.

Bí ẹ bá pe 911, òpó iléeṣẹ́ fóònù ló ń gbé ìpè yín, kì í ṣe ti káńtì. Bí ẹ bá wà nítòsí ààlà, ìpè náà lè bọ́ sọ́dọ̀ káńtì kejì. Ẹ tètè sọ ìlú, títì àti nọ́ńbà ilé kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń taari yín sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ má gé fóònù. Bí kò bá ṣeé sọ̀rọ̀, ẹ lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí 911.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n tan ìpè orí Wi-Fi nínú sẹ́tínsì fóònù wọn. Yàrá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Mo wá ní kí wọ́n wo àdírẹ́sì pàjáwìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí 911 lè rí bí wọ́n bá fi Wi-Fi pè. Ti Houston ṣì ni.