Bẹ́ẹ ṣe máa yẹ àfòmọ́ wò lára ẹja haibíríìdì àtàwọn òbí ẹ̀

Tí oríṣi ẹja méjì tó bára tan bá jọ ń yé ẹyin síbì kan náà nínú omi, àtọ̀ tọ̀hún lè bọ́ sórí ẹyin tèyí, ọmọ tó bá tibẹ̀ jáde la ń pè ní haibíríìdì. Ohun táwọn èèyàn máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé àfòmọ́ bàbá (ìyẹn àwọn aràn àti kòkòrò tó ń gbé ara ẹja tó sì ń jẹun lára ẹ̀) ló máa wà lára ẹ̀ ni àbí ti ìyá, àbí kò tiẹ̀ ní sí rárá. Kì í rí bákan náà níbi gbogbo, àfi kẹ́ẹ wò ó fúnra yín, àmọ́ tẹ́ẹ bá wo haibíríìdì nìkan láì wo òbí méjèèjì, iṣẹ́ asán lẹ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó omi náà, kẹ́ẹ tó da àwọ̀n. Inú omi kan náà ni kẹ́ẹ ti mú gbogbo wọn, lásìkò kan náà, kí gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí ẹja ńlá ti pẹ́ láyé, ó ti kó aràn jọ ju kékeré lọ, ẹ ò wá ní mọ̀ bóyá ẹ̀yà ló fa ìyàtọ̀ tẹ́ẹ rí àbí ọjọ́ orí. Mélòó ló tó? Ká ní àfòmọ́ kan wà lára ẹja 10 nínú 100, tẹ́ẹ bá mú 5 péré, ó ṣeé ṣe dáadáa kẹ́ẹ má rí i rárá, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá mú 30, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ni pé ẹ máa rí ó kéré tán ọ̀kan. Torí náà 30 fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, 30 haibíríìdì, ìyẹn tẹ́ẹ bá rí haibíríìdì tó tó bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ẹ kó wọn sí, kálukú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, omi ibi tẹ́ẹ ti mú wọn ni kẹ́ẹ lò. Àwọn kòkòrò kan máa ń fò látara ẹja kan sí òmíì, tẹ́ẹ bá dà wọ́n pọ̀ ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ tó délé.

Ṣé haibíríìdì ni lóòótọ́? Ẹ ka egungun lẹbẹ tó wà lábẹ́ ikùn lẹ́bàá ìdí. Bí àpẹẹrẹ, ẹja tí wọ́n ń pè ní Rutilus rutilus máa ń ní bíi 9 sí 12 níbẹ̀, irú ẹja míì tó ń jẹ́ Abramis brama ní bíi 24 sí 30, ọmọ àwọn méjèèjì á wà láàárín, bíi 15 sí 19. Ṣùgbọ́n tí haibíríìdì bá tún ti bá ẹja tó jẹ́ irú ọ̀kan nínú òbí ẹ̀ bímọ, ojú lásán ò tó mọ́, DNA, ìyẹn ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí, ló kù, kẹ́ẹ sì rántí pé DNA ti mitochondria (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára), ìyá nìkan ló máa ń fi hàn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ti inú nucleus (àárín sẹ́ẹ̀lì) náà.

Ẹ tètè wo ẹja ní kété tó bá kú, torí àwọn aràn wẹ́wẹ́ tó wà níta ara máa ń já bọ́ tàbí kí wọ́n bàjẹ́. Ẹ ha omi yíyọ̀ ara ẹ̀ àti lẹbẹ sórí síláìdì, ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ìlọ́po 40 sí 100. Ẹ la lẹ́ńsì ojú náà wò, aràn kan tó ń jẹ́ Diplostomum máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, ara ìgbín inú omi ló ti ń wá, ẹyẹ tó ń jẹ ẹja ló sì máa gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, inú ikùn, ẹ̀dọ̀ àti ìfun.

Gíìlì, ìyẹn ibi pupa tí ẹja fi ń mí, ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ wò jù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ haibíríìdì ti máa ń hàn. Ẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi díẹ̀. Tẹ́ẹ bá rí aràn kékeré tó ní àmì ojú mẹ́rin lórí àti ìwọ̀ ńlá méjì nídìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Dactylogyrus. Tí kò bá lójú, tẹ́ẹ sì rí ọmọ nínú ẹ̀ tóun náà ti ní ìwọ̀, Gyrodactylus nìyẹn, ọmọ ló ń bí, kì í yé ẹyin. Ọ̀pọ̀ Dactylogyrus ló jẹ́ pé irú ẹja kan ṣoṣo tàbí àwọn ìbátan ẹ̀ ni wọ́n ń bá gbé, wọn kì í gba ibòmíì, torí náà tẹ́ẹ bá rí ti bàbá àti ti ìyá lórí gíìlì haibíríìdì kan ṣoṣo, tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, a jẹ́ pé ara ẹ̀ gba àlejò látọ̀dọ̀ méjèèjì nìyẹn. Ìwọ̀ náà la fi ń mọ ẹ̀yà kan yàtọ̀ sí òmíì, ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Nǹkan méjì lẹ máa kọ sílẹ̀ fún àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan: ẹja mélòó ló ní in nínú iye tẹ́ẹ wò, àti àfòmọ́ mélòó ló wà lára ẹja kọ̀ọ̀kan tó ní in. Tẹ́ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ kọ òdo náà sílẹ̀, àwọn èèyàn máa ń fo ìyẹn. Àwọn tẹ́ẹ bá máa tọ́jú fún DNA, inú ẹ́tánọ́ọ̀lù 96% ni kẹ́ẹ kó wọn sí, kẹ́ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ẹja sórí bébà tẹ́ẹ máa jù sínú ìgò, torí yíǹkì á ṣí kúrò.